Àpá Ẹ́ńjìnnì Gbádérọ̀

"Ẹ má jágbe mọ́ mi, Bọ̀dá Bùsàrí! Mọ́tò tó gbé òkú ọkọ mi dé Ìsẹ́yìn láìkọsẹ̀, kí ló ṣe é tí kò lè gun òkè Mọ́kọ́lá mọ́?"

"Ẹ́ńjìnnì gbó, o ní kí n bí òmíràn fún ẹ?"

Àwọn tó ń kun mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní ọgbà mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín.

Àná ni Kùdírátù jáde opó. Ní gbogbo ìgbà tó fi jókòó sílé, ọwọ́ Bùsàrí, àbúrò ọkọ rẹ̀, ni kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà. Mọ́tò yìí nìkan ni olóògbé Gbádérọ̀ fi sílẹ̀. Wándé, awakọ̀ kan, ti ṣetán láti máa fi ṣe kabúkabú fún Kùdírátù láti Dùgbẹ̀ sí Challenge, torí ẹbí ọkọ ti sọ ọ́ sójú rẹ̀: obìnrin tí kò bá lè bọ́ ọmọ, kó kó wọn sílẹ̀ fún àwọn.

Àjàgbé mẹkáníìkì tú pọ́lọ́ọ̀gì kan, ó fi àtàǹpàkò dí ihò rẹ̀. "Ìyá Fàwáz, ẹ yí kọ́kọ́rọ́."

Ẹ́ńjìnnì ń yí gìrìgìrì, àtàǹpàkò jókòó sójú ihò bí àlejò tí wọn ò lé. "Atẹ́gùn tó yẹ kó ta ọwọ́ mi dànù ń jò lọ sísàlẹ̀." Ó da ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò náà. "Ẹ tún yí i." Lọ́tẹ̀ yìí, pọ̀ọ́! Ọwọ́ rẹ̀ fò sókè. "Rìǹgì inú ẹ́ńjìnnì ló ti jẹ. Ọ́ìlì ló bá a dí àlàfo. Tá a bá pààrọ̀ rìǹgì, á gbéra."

Kùdírátù mí kanlẹ̀. Rìǹgì ṣeé rà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì náà, kò sì tètè nàró.

"Ọ̀gá Àjàgbé, ẹ́ńjìnnì ọkọ mi sán lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ sì jó o pọ̀ lójú mi. Àpá rẹ̀ dà?"

Àjàgbé ń nu ọwọ́ tó ti nù tán. "Ará ilé ọkọ yín ló ní kí n pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má bínú."

Mọ́tò Bùsàrí wà lábẹ́ igi fúrúùtù. Kùdírátù sáré lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àpá náà rèé, gbọọrọ, bí ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Olè! Bùsàrí, o jí oúnjẹ lẹ́nu ọmọ òrukàn!"

Bùsàrí pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé pẹ̀lẹ́. "Ogún ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìwọ gan-an wà nínú ẹ̀."

Ó wọnú mọ́tò rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ́ńjìnnì dáhùn, ohùn tí Kùdírátù fi ń mọ̀ pé ọkọ òun ti dé. Bùsàrí na ọwọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn kejì fún un.

"Jókòó. Mo ti lọ kó Fàwáz àti Kaosarah níléèwé. Ilé mi ni wọ́n wà."