Ọ́ìlì Tí Àna Rà

Ọkọ mi ní ọkọ̀ ojú omi. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, kí àwọn èèyàn lè kọ́kọ́ pariwo, kí n tó wá ṣàlàyé pé ọkọ̀ náà dàgbà ju ọkọ mi lọ, pé International City ní Dubai la ṣì ń gbé nínú yàrá kan àti pálọ̀, àti pé òyìnbó Dutch tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò JLT ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ta á lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Ọkọ̀ onígbòkun ni, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ìgbòkun ọ̀hún lókè rí. Ẹ́ńjìnnì ni Ṣẹ̀san fẹ́ràn. Gbogbo Sátidé ló ń lọ sí èbúté kékeré tó so ọkọ̀ náà mọ́ ní Sharjah, ìlú tó múlé gbè wá, á ki orí bọ abẹ́ pákó, á máa bá ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì tó ti gbó sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ dáadáa ju bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Màámi, ìyẹn Alhaja Shukurat, kì í pe Ṣẹ̀san lórúkọ. "Ọ̀gbẹ́ni yẹn ńkọ́?" ni wọ́n máa ń bi mí. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé Dubai la ti ṣègbéyàwó, lásìkò tí ọ̀rọ̀ visa ò jẹ́ kí àwa lè lọ, tí kò jẹ́ kí àwọn lè wá. Orí fóònù ni Ṣẹ̀san ti dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ẹbí mi. Nẹ́tíwọ̀kì já lọ́hùn-ún, nígbà tí àwòrán sì fi máa padà, ó ti dìde, ó ń gbọn ṣòkòtò. Màámi ò rí àyà rẹ̀ nílẹ̀. Lọ́kàn tiwọn, kò tíì dọ̀bálẹ̀, ilé ẹni tí kò tíì fẹ́ mi ni mo sì ń gbé láti ọjọ́ náà. Ó ti dọ̀bálẹ̀ fún wọn lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn ìyẹn o, nígbàkígbà tí wọ́n bá wá ra ọjà ní àdúgbò Naif. Kí àyà rẹ̀ tó kanlẹ̀, Màámi á ti kọjú sí ibòmíràn, wọ́n á máa bi mí bóyá mo ti jẹun. Ohun kan ṣoṣo tó ń dun ọkọ mi láyé yìí nìyẹn. Ó fẹ́ kí Màámi pe òun ní ọmọ.

Nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, wọ́n gbọ́ tí Ṣẹ̀san ń sọ pé ó ti tó àkókò láti yí ọ́ìlì ọkọ̀ òun padà. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti ọjà Deira dé pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù kan tó ń dán bíi góòlù, wọ́n gbé e síwájú Ṣẹ̀san.

"Gbà," ni Màámi wí. "Wọ́n ní kò sí èyí tó jù ú lọ. Ojú mi báyìí ni mo fi fẹ́ rí i tí wàá dà á sínú ọkọ̀ rẹ."

Ẹ̀bùn tí wọ́n kọ́kọ́ fún un nìyẹn. Ṣẹ̀san kúnlẹ̀ gbà á, ó dúpẹ́ títí, ó wá ka ohun tí wọ́n kọ sára gálọ́ọ̀nù. Mo rí i bí ẹ̀rín ṣe kúrò lójú rẹ̀.

Bí Màámi ṣe bẹ̀rẹ̀ ìrun, ó fà mí wọ kíṣìnnì. "Lateefat, wàhálà dé. Synthetic ni wọ́n rà."

"Ṣebí òun ló dára jù?"

"Fún moto tuntun! Ẹ́ńjìnnì tèmi ti darúgbó. Ìdọ̀tí tó ti wà nínú ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ló ń bá a dí ibi tí rọ́bà ti gbó. Synthetic á fọ gbogbo ẹ̀ dànù, á wá máa jò bí ajẹ̀rẹ̀. Òyìnbó yẹn kìlọ̀ fún mi kó tó lọ. Ó ní conventional nìkan, ìyẹn ọ́ìlì lásán, khalas, ó parí."

"Ṣé kì í ṣe Alfred ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ló ní ìtàn àtijọ́ nìyẹn, pé synthetic òde òní ò lè ṣe é ní nǹkan kan?"

"Alfred ò ní boat."

"Ó dáa, lọ sọ fún Màámi."

"Kí n sọ fún wọn pé kí ni? Pé ẹ̀bùn tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ò bá mi lára mu?"

Òótọ́ ló sọ. Bí àna bá fún ọ ní fìlà tó bò ọ́ dé imú, wàá dé e títí àna yóò fi lọ sílé ni. Ti Màámi sì tún le ju ti àwọn yòókù lọ. Wọ́n fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní kọ́tìnnì nígbà kan. Títí di òní, bí wọ́n bá wọlé ẹ̀gbọ́n mi, fèrèsé ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí.

Ọgbọ́n tí ọkọ mi dá kò lọ́jú pọ̀. Ó rọ ọ́ìlì Màámi sínú moto wa, nítorí synthetic ni moto náà ń lò tẹ́lẹ̀. Moto ò gba gbogbo rẹ̀, ó sì da ìyókù sínú ike omi kan, ó fi í sábẹ́ síǹkì. Lẹ́yìn náà ló wá da ọ́ìlì lásán tó ti rà fún ọkọ̀ rẹ̀ sínú gálọ́ọ̀nù góòlù, ó dé e mọ́lẹ̀ dáadáa. Èmi ni mo bá a di àrọ mú. Inú mi ò dùn sí i, mo sì sọ fún un, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́wọ́ kúrò lára àrọ.

Nígbà tó di Sátidé, tí a ń wa moto náà lọ sí Sharjah, ẹnu Ṣẹ̀san ò dákẹ́. Màámi ń tòògbé lẹ́yìn. Ó rọra sọ fún mi pé, "Ṣé o gbọ́ ìró ẹ̀? Ó ń lọ jẹ́jẹ́, habibti, olólùfẹ́ mi! Ẹni tó bá ti lo synthetic, kò ní fẹ́ lo nǹkan mìíràn mọ́."

Màámi jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi bí adájọ́. Wọ́n wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì lé hìjáàbù wọn lórí. Ṣẹ̀san gbé gálọ́ọ̀nù náà, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Irọ́ ni kò mọ́ ọn lára.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ni Màámi bi í. "Ṣé kò ní ṣe ọkọ̀ rẹ ní nǹkan kan?"

Ṣẹ̀san ṣí ìdérí gálọ́ọ̀nù náà. "Bó bá tiẹ̀ ṣe é ní nǹkan, mà, tiyín ni màá lò."

Mo yíjú sí omi. Ó da ọ́ìlì náà, ó ṣíná, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ díẹ̀, ó sì gbéra. A yí èbúté po, a padà wálé. Màámi ò wo ọkọ̀ náà rárá. Ojú Ṣẹ̀san ni wọ́n ń wò ṣáá.

Ọjọ́ tí wọ́n ń padà sí Lagos, a ti já gbogbo ẹrù wọn sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, mo ti ń gbá wọn mọ́ra, ni wọ́n bá yí padà.

"Olúṣẹ̀san," ni wọ́n pè é. Èmi àti ọkọ mi jọ ta gìrì. "Ẹni tó ta ọ́ìlì yẹn fún mi bi mí pé irú ọkọ̀ wo ni. Mo ní ọkọ̀ ojú omi tó ti gbó ni. Ó ní, 'No, Mama, old engine, this one no good.' Ó ní á bà á jẹ́, ẹni tó ni ín pàápàá á sì mọ̀. Mo wá ní, ó dáa. Mo mọ bí o ṣe fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn tó. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wàá lè fi í sílẹ̀ nítorí ìyá ìyàwó rẹ."

Ṣẹ̀san wojú mi. Màámi ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

"Ṣùgbọ́n mi ò lè ba nǹkan ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Kí n tó gbé e wá fún ọ, mo ní kí Sùnmọ́nù tó ń bá mi di ẹrù da èyí tó wà nínú ẹ̀ síbòmíràn, kó rọ ọ́ìlì lásán sí i, kó lẹ ìdérí ẹ̀ bíi tuntun. Fọkàn balẹ̀, ọkọ̀ rẹ ò ní jò. Mo rí i bí ọwọ́ rẹ ṣe ń gbọ̀n, síbẹ̀ o dà á." Omi lé ròrò sójú wọn. "Ọmọ mi ni ọ́."

Ṣẹ̀san dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì pápákọ̀ òfuurufú. Àyà rẹ̀ kanlẹ̀, iwájú orí rẹ̀ kanlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Màámi ò gbójú kúrò, wọ́n wò ó tẹ́rùn. Àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù ń yà fún un, ṣèkúrítì kan sì ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

"Ó tó o, dìde," ni Màámi wí.

Kò dìde.

"Dìde, ọmọ mi. Ọpẹ́ yẹn ti tó."

Mo mọ ohun tó dè é mọ́lẹ̀: kì í ṣe ọ́ìlì tí Màámi fún un ló dà. Ojú ń tì mí, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí, mo wá bẹ̀rẹ̀, mo fà á dìde.

Bí a ṣe ń wa moto padà sí International City, kò sọ ohunkóhun nípa ìró rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó gbé moto náà lọ kí wọ́n rọ synthetic gidi sí i. Nígbà tí Sátidé tún dé, mo rí i tó ki ọwọ́ sábẹ́ síǹkì, tó yọ ike omi tí ìyókù ọ́ìlì Màámi wà nínú rẹ̀ jáde.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Mo fẹ́ lọ dà á sínú ẹ́ńjìnnì."

"Ṣẹ̀san, ọ́ìlì lásán nìyẹn. Ọ́ìlì lásán náà ló wà nínú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan náà ni wọ́n."

Ó fi aṣọ nu ara ike náà, ó mú àrọ, ó sì kọjú sí ilẹ̀kùn.

"Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà," ló wí.