Ẹni Tó Jókòó Nídìí Òkúta

Ràsáàkì kì í dá sí ọ̀rọ̀ tí wọn kò pè é sí. Èyí tí wọ́n bá pè é sí gan-an, á kọ́kọ́ wo ọ̀tún, á wo òsì, kó tó yanu. Àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí iná bá ń jólé, Bàbá Ṣùkúrù á kọ́kọ́ béèrè bóyá ó yẹ kí òun pariwo. Wọn kò mọ̀ pé ẹ̀rù ni. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ṣùkúrù ọmọ rẹ̀ ti lọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin. Òfì tó fi ń hunṣọ ló kù fún un. Òfì, àti Sàrátù.

Opó ni Sàrátù. Ìyá Misturat ni gbogbo wọn ń pè é, òwú kíká sì niṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ páànù tí wọ́n ti ń hunṣọ. Ẹni tó bá ti dé Ìsẹ́yìn rí á mọ bí òfì ṣe ń rí. Ahunṣọ á jókòó síbì kan, òwú rẹ̀ á nà lọ gbọọrọ níwájú rẹ̀ títí dé orí pátákó kan tí wọ́n gbé òkúta lé, kí òwú náà lè le dáadáa. Bí aṣọ bá ṣe ń gùn sí i ni òkúta á máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí òkúta bá dé ọ̀dọ̀ ahunṣọ, iṣẹ́ parí nìyẹn. Ewúrẹ́ ló wá ń bá èèyàn jà. Ewúrẹ́ á kọjá, á fẹsẹ̀ kọ́ òwú, iṣẹ́ bàjẹ́.

Ẹnikẹ́ni kò rán Sàrátù pé kó lọ jókòó sídìí òkúta Ràsáàkì. Igi máńgòrò ṣíji bo òkúta àwọn yòókù. Inú oòrùn ni ti Ràsáàkì wà. Síbẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń gbé àpótí rẹ̀ sí láràárọ̀, á máa ká òwú, á máa lé ewúrẹ́. Ràsáàkì ń rí i. Kò bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá béèrè, obìnrin náà lè dìde níbẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ kan, Muhydeen gbé sinimá kan wá nínú fóònù rẹ̀. Òfì Muhydeen wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ràsáàkì, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Nígbà tí wọ́n jẹun ọ̀sán tán, ó gbé fóònù náà ti ìdì òwú kan, gbogbo wọn sì yí i ká. Àwọn ọmọ Yorùbá ló ṣe sinimá náà. Ó dá lórí àwọn èèyàn tó wọ ọkọ̀ kúrò láyé yìí, tí wọ́n ń lọ gbé nínú ayé mìíràn tó jìnnà réré. Ọkọ̀ wọn ń bàjẹ́ lọ́nà. Ọkùnrin kan, Ọláyanjú, ló máa ń jáde sínú òkùnkùn tí kò nísàlẹ̀ láti tún un ṣe. Wọ́n á so okùn mọ́ ọn níbàdí, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbùkúnọlá á sì di okùn náà mú lẹ́nu ọ̀nà. Bí Ọláyanjú bá ti jáde, á fa okùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìbùkúnọlá náà á fà á padà. Títí sinimá fi parí, kò sí ọ̀rọ̀ láàárín wọn ju “Ṣé ẹ ti dé?” “Mo ti dé” lọ.

“Àwọn méjì yìí ń fẹ́ra wọn,” Muhydeen wí.

“Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.” Ràsáàkì ló sọ bẹ́ẹ̀, kíákíá, bí ẹni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún.

“Iṣẹ́ kẹ̀? Ta ló ń wojú ẹni báyẹn nítorí iṣẹ́? Bàbá Ṣùkúrù, ṣé ojú ń dùn yín ni?”

“Wọn ò kúkú sọ ọ́.”

“Ṣé gbogbo ohun tó wà nínú èèyàn ló ń sọ? Ẹran tẹ́ ẹ fi pamọ́ sábẹ́ ẹ̀bà lẹ́ẹ̀kan, ṣé ẹ sọ fún wa?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Sàrátù kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo fóònù náà títí iná rẹ̀ fi kú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Samsudeen, àbúrò Sàrátù tó wà ní Ṣakí, pè é. Alájì kan tó ń dáko káṣú fẹ́ fi í ṣaya. Èèyàn dáadáa ni. Kí Sàrátù fún wọn lésì kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Sàrátù kò fi pamọ́, ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. Ó wá yíjú sí Ràsáàkì.

“Bàbá Ṣùkúrù, kí lẹ rí sí i?”

Ràsáàkì wo ọ̀tún. Ó wo òsì. “Ohun tí Ọlọ́run bá ṣe ló dáa,” ló wí.

Sàrátù ní, “Àmín,” ó sì padà lọ jókòó sídìí òkúta.

Ọ̀rọ̀ náà gún Ràsáàkì láyà mọ́jú. Ṣùgbọ́n kí ni kó sọ? Bó bá sọ̀rọ̀, tí obìnrin náà sì kọ̀, ojú á ti àwọn méjèèjì, obìnrin náà kò ní lè wá síbẹ̀ mọ́. Ẹni tí díẹ̀ kù lọ́wọ́ rẹ̀ kì í fi díẹ̀ náà ta tẹ́tẹ́. Bó bá sì dákẹ́, Alájì á gbé e lọ. Ṣakí kò jìnnà, ṣùgbọ́n èèyàn kì í ti Ṣakí wá lé ewúrẹ́ ní Ìsẹ́yìn.

Ọjọ́bọ̀ ni Sàrátù mú ìwé kan wá. Misturat ló rà á ní Ìbàdàn níbi tó ti ń kàwé, ó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ẹnì kan ló kọ ọ́ látinú sinimá yẹn.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe,” Sàrátù wí, “ẹ fetí sílẹ̀.”

Ó fún Ràsáàkì ní òwú pupa tó béèrè, ó padà síbi àpótí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò kà á kíá. Ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

“‘Ìbùkúnọlá di okùn náà mú. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, Ọlọ́run, bí okùn yìí bá máa já, ọwọ́ mi ni kó kọ́kọ́ já. Ó mọ̀ pé Ọláyanjú kò fẹ́ gba nǹkan kan tó fi ń fa okùn. Ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó di okùn mú ṣì wà níbẹ̀ ni.’”

Ràsáàkì ń hunṣọ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ igi, ọ̀kọ̀ tó ń gbé òwú kọjá ń lọ ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Muhydeen ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ń múra ìrun alásàrì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo aṣọ náà, ó sì kígbe. Aṣọ ìyàwó kan ní Ìgbòho ni. Ọnà gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ ní ìbú ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, kó lè bá ti àwọn yòókù mu nígbà tí wọ́n bá rán wọn pọ̀. Ọnà wà, ọnà wà, lẹ́yìn náà ó dàwátì. Aṣọ náà kàn lọ pẹlẹbẹ bí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárí.

“Háà! Bàbá Ṣùkúrù! Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ kì í ṣe báyìí! Níbo lẹ lọ?”

Ràsáàkì ti na ọwọ́ pé kóun tú u. Sàrátù dé, ó tẹ̀ ba, ó fi ìka tẹ̀ lé aṣọ náà. Ó dé ibi tí òwú pupa ti bẹ̀rẹ̀. Ọnà parí níbẹ̀ gan-an. Ìka rẹ̀ dúró.

“Ẹ má tú u,” ó wí. “Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ìwé nìyí.”

Muhydeen wo ọ̀kan, ó wo ìkejì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ní òun ń lọ ṣe àlùwàlá, ó sì lọ lóòótọ́.

Ràsáàkì kò rí ibi tí yóò gbójú sí. “Ìyá Misturat,” ó ní. “Ẹ ṣé.”

“Kí ni mo ṣe?”

“Ewúrẹ́.” Ó nawọ́ sí ìdí òkúta. “Àwọn ewúrẹ́ yẹn. Ọjọ́ tí ibà dè mí mọ́lẹ̀ tí òjò dé, ẹ̀yin lẹ fi aṣọ yín bo òwú, tí òjò pa yín. Oòrùn yìí náà. Mo rí i. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. N ò dúpẹ́ rí. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ẹ ṣé. Ọlọ́run ló mọ bí n ṣe máa dúpẹ́.”

Sàrátù ń fi ọwọ́ ra ibi tí kò ní ọnà yẹn.

“Kí ni kí n wá sọ fún Samsudeen?”

Ràsáàkì kò wo ọ̀tún. Kò wo òsì. “Ẹ sọ fún un pé òkúta kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi.”

Sàrátù bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ó yọ fóònù. “Samsudeen, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Alájì. Kí Ọlọ́run fún un ní èyí tó dáa jù mí lọ. Rárá o, ara mi yá. Iṣẹ́ ló ṣì wà lọ́wọ́ mi níbí.”

“Iṣẹ́!” Muhydeen yọ láti ẹ̀yìn ògiri, kẹ́tùlù àlùwàlá lọ́wọ́ rẹ̀. “Ẹ gbọ́ o, iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe!”

“Muhydeen,” Ràsáàkì wí, “ìwọ ló máa sìn mí lọ sí Ṣakí lọ́jọ́ Àìkú, lọ kí àwọn ẹbí wọn. Ìwọ lo lẹ́nu.”

Wọ́n kírun. Orí ìforíkanlẹ̀ ni Ràsáàkì pẹ́ sí jù, ọpẹ́ ló ń dá. Nígbà tó padà dé ìdí òfì, ó gé apá tí kò ní ọnà náà, ó fún Sàrátù, ó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn fún ìyàwó Ìgbòho. Sàrátù ti jókòó sí àyè rẹ̀ nínú oòrùn. Ràsáàkì gbé ọwọ́ lé òwú tó nà lọ láàárín wọn. Ó fà á díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Òkúta mì lórí pátákó.

Sàrátù kò gbójú sókè nínú òwú tó ń ká. Ó kàn na ọwọ́, ó gbé e lé orí òkúta náà, ó sì fi í síbẹ̀.