Ìwúwo Bàbá

…ẹrù ni. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe táyà — ẹrù ẹ̀yìn ni. Lítà epo kan ni ọkọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kàn yìí fi gbé mi dé àádọ́rùn-ún kìlómítà lónìí, mọ́tò kú sójú títì, mo sọ̀kalẹ̀, èmi nìkan ni mo tì í wálé. Àádọ́rùn-ún! Ẹlòmíì á jó. Ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ni mo fẹnu ara mi sọ níwájú gbogbo àwọn ẹgbẹ́ mi ní yunifásítì, tí Kọ́lápọ̀ fi rẹ́rìn-ín: "Bùnmi, ẹnu dùn-ún ròfọ́." Ẹnu dùn-ún ròfọ́… Wọ́n ti gbà pé màá kùnà. Kò sẹ́ni tó tún yà wò mí níbí mọ́.

Kí ni mo tún lè yọ? Mo ti yọ ilẹ̀kùn kan. Mo ti yọ gíláàsì ẹ̀yìn, mo fi ọ̀rá dí i. Síìtì ẹ̀yìn ló kù, òun àti àpò yanrìn tó wà lórí rẹ̀. Yanrìn yẹn ni Bàbá. Mo wọ̀n ọ́n kó wúwo tó wọn, kí n lè mọ iye epo tí ọkọ̀ máa jẹ nígbà tí mo bá ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn n'Ílàré, ẹni tí wọ́n jọ máa ń ta ayò kí epo tó gbówó lórí, kí orúnkún tó dá wọn jókòó sílé l'Ókèrèwè. Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àbí… Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Tí mo bá tú síìtì yẹn, ọgọ́rùn-ún dé. Màá dá a padà lẹ́yìn ìdánwò ọkọ̀ yìí — irọ́. Bí mo ṣe sọ nípa ilẹ̀kùn nìyẹn. Àdáwà yìí sì ti sú mi. Lójú ọ̀nà, yanrìn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. "Bàbá, ẹ di nǹkan mú o, kòtò ń bọ̀." Bí wèrè.

Mo pè wọ́n láàárọ̀ yìí. Mo ní, "Bàbá, ẹrù ẹ̀yìn ló pọ̀ jù." Wọ́n ní, "Ẹrù wo? Ṣebí èmi lo ní mo máa jókòó sẹ́yìn?" Ojú tì mí. Mo ní bí a ṣe ń pè é nínú iṣẹ́ wa ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Má dààmú ara ẹ, Àdùkẹ́. Èmi náà ò wúwo mọ́."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni…

Mọ́. Wọn ò wúwo *mọ́*. Kí ni "mọ́" ń wá níbẹ̀?

Òkèrèwè ò jìnnà síbí. Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ẹnu ọ̀nà àdúgbò wọn kọjá, mi ò sì yà, torí kí ọkọ̀ dúró kó tún gbéra, epo ló ń jẹ. Epo! Ta ni mo gbé ka òṣùwọ̀n kí n tó wọn yanrìn? Kò sẹ́nìkan. Bàbá tó ń fi máṣíìnì gbé mi lọ sílé ìwé ni mo fọkàn wọ̀n, ọkùnrin tí ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò, tí mo máa ń dì mọ́ tí atẹ́gùn ò ní kàn mí.

Kò sí ìṣó kan tàbí nọ́ọ̀tì kan nínú ọkọ̀ yìí tí mi ò mọ ìwúwo rẹ̀. Mi ò mọ ìwúwo bàbá mi.