Bóòtù Tí Kò Fẹ́ Òróró

Àlá tó gbé mi lóru àná, ẹ̀yin ará, n kò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń sùn.

Mo wà níbi iṣẹ́ wa, níbi tí a ti ń fi fósífeètì wọ irin láṣọ. A máa ń fọ irin mọ́ tónítóní, a ó rì í sínú omi fósífeètì gbígbóná, yóò sì jáde pẹ̀lú awọ tó rí bí eérú. Awọ yìí ni kì í jẹ́ kí ìpẹtà tètè jẹ ẹ́.

Mo gbójú sókè, ọ́fíìsì ọ̀gá wa ti kúrò nílẹ̀, ó ń léfòó lófuurufú. Bóòtù kan ṣoṣo, irin tí a máa ń yí wọ ihò, ló so ó mọ́ òpó, ìpẹtà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Ìyàwó mi, Mórẹ́nikẹ́, wà nínú rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Baba Ìtùnú," ó pè mí lójú fèrèsé, "ilẹ̀ ń mì lábẹ́ mi o!"

"Máa ṣa ẹ̀wà rẹ. Bóòtù tuntun ń bọ̀."

Mo fi ẹ̀mú gbé bóòtù tuntun tí a ti fọ̀. Bí mo ti fẹ́ rì í, mo rántí pé a kò tíì gbàdúrà sí i. Nínú ìjọ wa, níbi tí mo ti jẹ́ alàgbà, a kì í lo ohun tuntun láìta òróró sí i, ìbáà ṣe ọ̀kadà tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo mú ìgò òróró jáde.

"Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta á sí mi," bóòtù wí.

"Ṣé o ò fẹ́ ìbùkún ni?"

"Mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ibi tí òróró bá kàn báyìí, fósífeètì ò ní mú níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìpẹtà máa gbà wọlé. Ẹ rì mí ná."

Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí, ọ̀gá àyẹ̀wò, já wọlé. "Ta ló fún bóòtù láṣẹ ọ̀rọ̀? Ẹ ta á sí i!" Kó tó pa ẹnu dé, ó ti di òbúkọ, táì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn, kóòtù rẹ̀ ṣì wà lára. Ó yọ ahọ́n, ó fẹ́ lá bóòtù náà. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà," mo sì fi ìdí tì í sẹ́yìn.

Lókè, òpó ké. Ọ́fíìsì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀wà ń rọ̀ lé mi lórí.

"Baba Ìtùnú o!"

Ṣé kí n gbé ìyàwó mi lé irin tí a kò gbàdúrà sí lọ́wọ́? Mo dé ìgò náà. "Olúwa, ìwọ náà lo dá fósífeètì," mo wí, mo sì ri bóòtù náà bọ omi.

Omi náà hó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìyìn. Ẹsẹ rẹ̀ pọ̀, kò sì fo ọ̀kankan. Mo ń làágùn, mo ń gbè é.

Nígbà tó ṣe "Àmín", bóòtù jáde, ó rí bí eérú. "Ó yá, Alàgbà. Òróró yín wàyí." Mo ta á sí i, ó fà á mu bí ilẹ̀ gbígbẹ. Mo gun ẹ̀yìn òbúkọ kí ọwọ́ mi lè tó òkè òpó.

"Ẹ rọra, kóòtù mi!" òbúkọ wí.

Bóòtù àtijọ́ dá, kà! Mo ki tuntun bọ ihò, mo ń yí i tagbáratagbára.

"Baba Ìtùnú! Kí lẹ ń wá ní ọrùn ẹsẹ̀ mi?"

Mo lajú. Ilẹ̀ ti mọ́. Mórẹ́nikẹ́ jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ mi méjèèjì di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo ń yí i sọ́tùn-ún.

"Ṣé ilẹ̀ ò mì mọ́?" mo bi í.

"Ilẹ̀ wo? Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre!"

"Fara dà á díẹ̀," mo ní, "ó ku yíyí kan."