Ẹsẹ̀ Mi Tó Ń Kúrú Níta

Ẹni tó bá mọ bí ẹsẹ̀ èèyàn ṣe lè gùn nínú ilé kó sì kúrú níta, kó wá ṣàlàyé fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọ̀rọ̀ yìí fi dà mí lórí rú.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yìí mú. Iyanrìn etíkun wa gbóná débi pé inú bàtà aláwọ ni ẹsẹ̀ ti ń jinná. Sílípáàsì dúdú kan náà tí wọ́n ń kó wá láti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ló kún ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí wa, èmi náà sì ra tuntun. Kò pẹ́ tí mo ṣàkíyèsí pé tí mo bá ń rìn lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ òsì mi ń rì. Ìrora mú mi lórúnkún, ó gun ìbàdí, ó dé ẹ̀yìn.

“Ẹsẹ̀ mi kan ti kúrú,” mo sọ fún Tọ̀yìbátù ìyàwó mi.

Ó ní kí n fẹ̀yìn ti ògiri yàrá. Ó wo ẹsẹ̀ mi títí. “Bàbá Yọ̀mí, ọgbọọgba ni wọ́n. Ọjọ́ orí ló ń dà yín láàmú.”

“Ṣé ẹsẹ̀ ọ̀tún ò dàgbà ni?”

Mo gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì Sewanu lọ ní Mowó. Mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, torí wọn ò kọ́ mi kí n wọ bàtà wọ yàrá oníyàrá. Ó fi téèpù wọn ẹsẹ̀ mi, kò rí ìyàtọ̀ kankan.

“Bàbá, bàtà wo lẹ ń wọ̀? Bí bàtà bá ṣe gbé ẹsẹ̀ ni orúnkún àti ẹ̀yìn ṣe máa ń rí o.”

“Ẹsẹ̀ ni mo gbé wá, mi ò gbé bàtà wá!” Inú bí mi, mo jáde. Mo ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ tún kúrú.

Èmi ni mo ń kírun fún ìjọ láti ìgbà tí ara lẹ́mọ́ọ̀mù wa ò ti dá mọ́. Ní Jímọ́ọ̀ kejì, mo tẹ̀ fún rúkúù nínú ìrun, mi ò lè nà padà. Àwọn àgbà ní kí Abdulrasaq, tó máa ń dúró lẹ́yìn mi nírun, máa kírun fún ìjọ títí ara mi á fi yá. Mo mọ ohun tí “títí” túmọ̀ sí ní mọ́ṣáláṣí wa. Ẹnikẹ́ni tó bá dé iwájú ìjọ kì í padà sẹ́yìn mọ́.

Kí n má parọ́, mo fura sí Abdulrasaq pé òun ló ń ṣe mí. Ilé rẹ̀ ló kángun sí mọ́ṣáláṣí, ibẹ̀ ni mo ti ń mu omi tútù lẹ́yìn ìrun láti ọdún mẹ́wàá. Mi ò mu ún mọ́.

Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, èmi wà lórí àga lẹ́yìn, òun wà níwájú. Ó tẹ̀ fún rúkúù. “Yéè!” Ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e dé òpópónà. Inú mi kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ló dàrú. Ta ló wá ń ṣe tiẹ̀?

Nígbà tí a jáde, ó ń tiro níwájú mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ló ń rì. Mo wo sílípáàsì rẹ̀: ti òsì nípọn, ti ọ̀tún ti jẹ tán. Mo wo tèmi. Ti òsì ló jẹ tán.

“Abdulrasaq, jókòó.”

A jókòó síbi àlùwàlá, a pààrọ̀ ti òsì síra wa. Mo dìde. Ẹsẹ̀ mi gún régé.

Kò lè wo ojú mi. “Álfà, ẹ dárí jì mí. Mo ti ń rò pé ẹ̀yin lẹ ṣe mí, torí pé mo gba ipò yín. Nígbà tí ẹ ò mu omi ilé mi mọ́, mo ní ó dájú.”

Ìtìjú bò mí. Mo rántí Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́ tí mo wọ sílípáàsì tuntun yẹn, tí àlejò ń dúró dè mí nílé, tí mo sáré jáde ṣáájú gbogbo èèyàn láì wolẹ̀.

“Èmi ni mo wọ ti òsì rẹ lọ,” mo wí. “Ṣé omi tútù wà nílé?”