Àpò Oògùn Elroy

Ní ìlú wa ní àríwá Wisconsin, a kì í ráhùn. Bí ilé ẹnì kan bá jó kanlẹ̀, tí o bá bi í pé báwo ni nǹkan, á ní, "Kò burú." Bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ ẹ̀, kò burú náà ni. Ọkọ mi, Elroy Haugen, ló wá jẹ́ ọ̀gá gbogbo wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ọdún tí mo ti ń bá a gbé, mi ò gbọ́ kó sọ rí pé nǹkan burú. Ibẹ̀ ni Darrel Pelkey ti rí i mú.

Darrel kì í ṣe àjèjì. Ilé àwọn òbí ẹ̀ ló kángun sí tiwa. Elroy ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ìbọn mú nígbà tí bàbá ẹ̀ ò ráyè tiẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó di aṣojú ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò, ó ń ta ètò oògùn fún àwa arúgbó. Ìjọba máa ń bá àgbà san èyí tó pọ̀ nínú owó oògùn, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa mú ilé-iṣẹ́ tó máa bá ọ ṣe é, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní oògùn tó ń san àti èyí tí kò ní fọwọ́ kàn. Ìgbà tí ewé bá ń wọ́ là ń mú un. Tí ọjọ́ keje oṣù Kejìlá bá ti kọjá, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn, ohun tó o mú ni wàá jẹ títí ọdún á fi yípo.

Ọjọ́ tó ṣáájú èyí tí ìjọba ń ṣí àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín ni Darrel yàn láti wá sílé wa. Lásìkò yẹn, kò sí ọkùnrin kan ní ìlú wa tí ọkàn ẹ̀ ń gbélé. Elroy ti to ìbọn àti bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Darrel fúnra ẹ̀ wọ jákẹ́ẹ̀tì ọdẹ aláwọ̀ omi ọsàn jókòó sídìí tábìlì mi. Mo gbé kọfí fún un, mo gé kéèkì fún un. Mo wá gbé àpò bébà kan sáàárín tábìlì. Gbogbo ìgò oògùn Elroy ló wà nínú ẹ̀, nítorí bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é nìyẹn: aṣojú á tú ìgò wò níkọ̀ọ̀kan kó tó mọ ètò tó bá ọ mu.

"Oògùn yín ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá Elroy?" Darrel bi í. "Ṣé kò sí wàhálà?"

"Kò burú," Elroy dáhùn, ojú ẹ̀ wà lójú fèrèsé.

"Ó parí nìyẹn. Ẹ fọwọ́ síwèé níbí, ká tètè lọ wo ibi tí àwọn oníwo yẹn sùn sí."

Mo ní, "Darrel, o ò tíì tú àpò yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá àpò náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbá ajá lórí. "Àǹtí Ardis, ètò tí mò ń fún gbogbo ìlú náà ni. Ẹ fọkàn balẹ̀, jàre."

Elroy fọwọ́ sí i. Àwọn méjèèjì jáde, wọ́n ń sọ̀rọ̀ àgbọ̀nrín lọ. Àpò náà wà lórí tábìlì, ẹnu ẹ̀ ṣì ká bí mo ṣe ká a.

Nígbà tí ọdún yí, Elroy lọ gba oògùn ẹ̀ ní kẹ́místì. Wọ́n ní ètò tuntun yìí kì í san èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Iye tí wọ́n ní kó mú wá látàpò ara ẹ̀ tó ra ọ̀kadà tí à ń gùn lórí yìnyín. Oní-kẹ́místì ní kó pe aṣojú ẹ̀, kí wọ́n bá a bẹ ilé-iṣẹ́ náà. Elroy dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó pe Darrel, Darrel ní òun máa pè é padà. Nígbà tó délé, mo bi í pé oògùn ńkọ́. Ó ní kò burú. Kí èyí tó kù nínú ìgò má bàa tán, ó ń lo tòní, ó ń fo tọ̀la. Kò sọ fún mi. Ó ń dúró de fóònù ọmọ tó kọ́ ní ìbọn.

Ibi tó ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú. Apá ọ̀tún lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ọ̀rọ̀ lọ. Nínú gbogbo ohun tí ọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n sọ láyé, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù sí i lẹ́nu. Mo bi í pé ṣé ebi ń pa á, ó ní, "Kò burú." Mo bi í pé ṣé ó ń dùn ún, ó ní, "Kò burú," omijé sì ń ṣàn lójú ẹ̀.

Darrel gbé òdòdó wá sílé ìwòsàn. Ó dúró sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń mi orí. "Ẹ ò rí i, Àǹtí Ardis, ó mà pè mí nígbà kan, nítorí oògùn kan báyìí. Mo fẹ́ pè é padà, iṣẹ́ ò jẹ́. Ọlọ́run á gbé e dìde."

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Mo gba òdòdó náà, mo ní, "Kò burú, Darrel." Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ti di ọrùn ẹ̀ mú, mo sì ń fún un pa.

Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Mo ní sùúrù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwà ni sùúrù tèmi bí. Láti ìgbà tí yìnyín ti ń yọ́ títí ewé fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, mò ń wẹ Elroy, mò ń bọ́ ọ, mò ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń ro ti Darrel. Bí mo bá pàdé ẹ̀ níbi tí a ti ń jẹ ẹja díndín lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo fẹ́ kó sún mọ́ mi dáadáa.

Ó sún mọ́ mi. Ilé-iṣẹ́ ẹ̀ ṣèlérí pé aṣojú tó bá kó èèyàn wọlé jù lọ́dún yìí, àwọn á gbé e lọ sétí òkun níbi tí oòrùn ti ń mú, ní àárín òtútù. Ó gbé àwo ẹja ẹ̀ wá bá mi.

"Àǹtí Ardis, ẹ bá mi bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín sọ̀rọ̀. Ṣebí ọmọ yín náà ni mí. Tí ẹ bá ń kó yìnyín lẹ́nu ọ̀nà lóṣù Kìíní, kí n ti na ẹsẹ̀ sínú iyanrìn. Màá fi àwòrán ránṣẹ́ sí yín."

"Ìwọ ọmọ yìí," mo ní. "Màá kó wọn wá fún ọ."

Mo kó wọn wá. Gbogbo àgbà tó ń jókòó ní ìlà wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ló wá sí yàrá ìsàlẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú àpò oògùn tiẹ̀ lórí itan. Darrel pa àwàdà, ó pín bisikíìtì, ó gbà wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò tú àpò ẹyọ kan. Mo dúró sídìí ìgò kọfí, mò ń wò ó, inú mi sì ń dùn lọ́nà tí kò dára.

Ohun tí Darrel mọ̀, tí kò rò pé arúgbó kankan mọ̀, ni pé èyí tó o mú kẹ́yìn kí ilẹ̀kùn tó tì nìkan ni ìjọba ń kà. Bó o mú mẹ́wàá ṣáájú ẹ̀, òfo ni. Mo ti bá àwọn èèyàn mi sọ ọ́ láti ilé dé ilé: ẹ fọwọ́ sí i, ẹ jẹ bisikíìtì ẹ̀, ẹ jẹ́ kó ra ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́. Tó bá di ọjọ́ tó kẹ́yìn, màá wá kó yín. Ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀.

Ní ọjọ́ keje oṣù Kejìlá, yìnyín bo ojú títì. Ẹ̀rù ò bà mí, nítorí bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé ni mò ń wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo gbé bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé Elroy sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mò ń yà láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ilé ìkàwé ni mo kó wọn lọ. Pahoua Vang ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti bá àgbà mú ètò lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ń tú àpò, ó ń to ìgò, ó ń bi wọ́n pé, "Èyí ńkọ́, ma? Ẹ ṣì ń lò ó?" Bó ṣe ń parí tẹnì kan ni ọkàn mi ń sọ pé: òmíràn já lọ́wọ́ Darrel nìyẹn.

Àfi bí mi ò ṣe rí Lenore mọ́, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń fi káàdì ṣeré. Ẹ̀yìn àpótí ìwé ni mo ti bá a, fóònù wà létí ẹ̀, ojú ẹ̀ pọ́n.

"Lenore, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Darrel ni. Mo kàn ní kí n bẹ̀ ẹ́. Kò dáa kéèyàn kúrò lọ́dọ̀ èèyàn láìdágbére."

"O sọ fún un pé gbogbo wa wà níbí?"

"Ó bi mí ni. Ṣé kí n wá purọ́?"

Bí kì í bá ṣe pé ọ̀rẹ́ mi ni, ìwé tó tóbi jù níbẹ̀ ni ǹ bá fi gbá a lórí.

Ó ku Elroy nìkan. Pahoua to ìgò ẹ̀, ó tẹ orúkọ oògùn náà sórí kọ̀ǹpútà, ó wo ojú kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀. "Eléyìí ló dára jù fún bàbá, ma."

Mo wo orúkọ tó wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Darrel ni.

"Mi ò fẹ́ ẹ. Wá òmíràn."

"Wọ́n ti fi oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn kún tiwọn lọ́dún yìí, ma. Àwọn tó kù, ẹ ṣì máa kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó san owó ẹ̀ fún bàbá. Ó lè pẹ́."

Ojú mi ṣókùnkùn. Mo wo Elroy lórí àga onítáyà ẹ̀, itọ́ ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹ̀. Kí n má purọ́, ó ṣe mí bíi kí n ní kó mú òmíràn, kí ẹ̀san mi lè pé. Mo nu itọ́ yẹn. Mo bi Pahoua pé, "Tí mo bá mú un, ṣé wọ́n máa ka orúkọ Elroy mọ́ ti ọmọ yẹn?"

"Ọmọ wo, ma? Ọ̀dọ̀ ìjọba tààrà là ń gbà wọlé níbí. Kò sí aṣojú kankan nínú ẹ̀."

"Kò sóhun tó máa kàn án?"

"Kò sí nǹkan kan."

Mo bú sẹ́rìn-ín, tí àwọn tó ń kàwé fi yíjú wò mí.

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí Darrel wọlé. Kò dé fìlà, yìnyín wà léjìká ẹ̀. Ó wo àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù ń wo bàtà ara ẹ̀.

"Àǹtí Ardis, kí ni mo ṣe fún yín?" Ó ń béèrè tọkàntọkàn, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó wá tajú kán rí kọ̀ǹpútà, ojú ẹ̀ sì tàn. "Ah, tiwa náà lẹ fẹ́ mú fún Bọ̀ọ̀dá Elroy! Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é."

"Kọ́kọ́ tú àpò yẹn ná."

"Àpò wo?"

"Èyí tó o gbá jẹ́jẹ́ lórí tábìlì mi. Tú u. Ka ohun tó wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan síta."

Pahoua da ìgò padà sínú àpò, ó sún un sí i. Darrel rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ó tú àpò náà. "Ti ẹ̀jẹ̀ ríru," ó kà. "Ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ti inú rírun." Ohùn ẹ̀ ń wálẹ̀. Ó mú èyí tó kẹ́yìn, ìgò ọdún tó kọjá. "Èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì."

"Ó yẹ kí ìgò yẹn ti tán pátápátá kó tó ṣubú. Mì í."

Kò fẹ́ mì í. Mo dúró. Ó mì í, àwọn hóró tí Elroy fi pamọ́ sì dún nínú ẹ̀, gbogbo ilé ìkàwé gbọ́.

Darrel gbé ìgò náà kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú àga onítáyà. "Bọ̀ọ̀dá Elroy, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ara ń le díẹ̀díẹ̀? Báwo ni nǹkan?"

Gbogbo wa la mọ ohun tí Elroy máa sọ. Lenore tilẹ̀ ti ń mi orí sílẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n Elroy ń wo Darrel, ó ń wò ó, ètè ẹ̀ ń wá ọ̀nà, ọwọ́ òsì ẹ̀ di apá àga mú.

"Ó burú," ó wí.

Mo ní kí Pahoua tẹ bọ́tìnì, kí orúkọ Elroy wọlé. Ó tẹ̀ ẹ́. Darrel ti dìde, ó ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo ní kó dúró ná.

"Elroy," mo ní, "tún un sọ. Darrel ò gbọ́ dáadáa."

Elroy tún un sọ.