Ìròyìn Tí Kò Ní Ọjọ́ Lórí

Ìpè kẹtàdínlógún rèé, fóònù ọmọ ṣì wà ní pípa. Ọ̀gá Fèrè tún ka ìròyìn tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ fi ránṣẹ́ láàárọ̀: ọkọ̀ ojú irin ti yẹ̀ lẹ́bàá afárá, wọn ò tíì mọ iye ẹni tó kú.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń wa ọkọ̀ àárọ̀ tó ń gba afárá yẹn kọjá. Ó mọ̀ pé awakọ̀ kì í tan fóònù lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n àyà tó ń já ò gbọ́ àlàyé. Kọ́nà burúkú ni kọ́nà ibẹ̀. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin, tó ń fọn fèrè fún ọkọ̀, ọkọ̀ ti yẹ̀ níbẹ̀ lójú rẹ̀ rí. Ó tún ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ọmọ kan ṣoṣo!

“Ẹ jẹ́ ká máa lọ,” ìyàwó rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà. “Ṣé kíkà yẹn ló máa gbé e wá bá wa?”

“Jẹ́ kí n wo ilé ìwòsàn tí wọ́n kó wọn lọ.”

Ìsàlẹ̀ ìròyìn náà ló ti bá gbólóhùn kan pàdé: “Ọ̀gá ibùdókọ̀ ní kí àwọn ará ilé fara balẹ̀, ẹni tí kò tíì délé kì í ṣe ẹni tó ti kú.”

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnu òun gan-an ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde, lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí ọmọ ṣì wà nílé ìwé! Ó wá ọjọ́ lókè ìròyìn náà, ó wá a nísàlẹ̀, wọn ò kọ ọ̀kankan sí i. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí ò fọ́, ó tún wá a wálé. Ó bú sẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀.

“Èmi rèé! Ìròyìn àtijọ́ ni!”

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara yín yá?”

Fóònù dún.

“Bàbá mi, ìpè mẹ́tàdínlógún! Ṣé kò sí o? A ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ni.”

“Kò sí nǹkan kan. Ṣé o ti jẹun?”

Ìyàwó rẹ̀ jókòó gbì, ó ń dúpẹ́, títí ó fi rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀: bàtà tirẹ̀ lọ́tùn-ún, ti ọkọ rẹ̀ lósì. Ẹ̀rín pa á.

Ọ̀gá Fèrè náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ ìjàǹbá yẹn, obìnrin kan wọ irú bàtà báyìí wá sí fèrèsé ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń béèrè ọkọ rẹ̀. Ọkọ náà padà délé láàyè, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Fèrè ti ní kí obìnrin náà fara balẹ̀, bí obìnrin náà sì ṣe kọ ẹ̀yìn báyìí, òun àti akọ̀wé rẹ̀ fi bàtà náà rẹ́rìn-ín dọ́ba.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra bọ́ bàtà òsì lẹ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó lọ bá a wá tirẹ̀.